Ìwé Ìbúra Tí Afusat Kò Fọwọ́ Sí

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Afusat fi tọ́jú ìwé ní ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò kan, lórí àjà kẹta ilé kan tó kọjú sí Tinúbú Square. Ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá ni bàbá tó ni ọ́fíìsì náà gbà á síṣẹ́. Kò mọ nǹkan kan nípa òfin nígbà náà. Bàbá yìí ló jókòó tì í, tó kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ìdájọ́ kan wà lóòótọ́: kó mọ orúkọ àwọn tó ń bára wọn ṣẹjọ́, nọ́ńbà ẹjọ́ náà, kóòtù tó dá a, ọjọ́ tí wọ́n dá a, àti àwọn adájọ́ tó jókòó lé e lórí. Bí ọ̀kan bá kù nínú márààrún, bàbá náà kì í gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí bàbá kú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Ọlátúndé, tó ti di lọ́yà, ló jókòó sórí àga rẹ̀. Láti oṣù àkọ́kọ́ ni òun àti Afusat kò ti fẹ́ rí ara wọn sójú. Ọlátúndé gbà pé ńṣe ni obìnrin náà ń wo òun bí ọmọ ilé ìwé tó máa ń wá mu Fáńtà ní ọ́fíìsì bàbá rẹ̀. Afusat ní tirẹ̀ gbà pé ọmọ yìí kì í ka ìwé dé ìdí. Àwọn méjèèjì kò jìnnà sí òótọ́.

Ní ọdún 2019, Ọlátúndé ta gbogbo ìwé òfin tó wà nínú yàrá ìwé. Ọkùnrin tó ń ra ìwé àlòkù kó wọn sínú àpò ìrẹsì, ó ń wọ́ wọn lórí àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀, ariwo rẹ̀ ń dún gbì, gbì, gbì. Afusat dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ká apá mọ́yà, kò fọwọ́ kan ọ̀kankan. Ọlátúndé ní àlejò lòun fẹ́ máa fi yàrá náà gbà, pé gbogbo ohun tó wà nínú ìwé ti wà lórí ayélujára. Nígbà tí kóòtù àtijọ́ jóná ní ọdún kejì, tí ìwé tó wà níbẹ̀ bá a lọ, ó wá bá Afusat nídìí tábìlì rẹ̀, ó bi í bóyá ó ti rí i báyìí pé ìwé ń jóná.

Ìbínú ni Afusat fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ayélujára. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló fi ń jókòó ti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì nígbà tí kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó rí i pé ìkànnì tí àwọn kóòtù fúnra wọn ń gbé ìdájọ́ sí máa ń falẹ̀, kò sì lẹ́wà lójú, àmọ́ ìwé tí adájọ́ fọwọ́ sí gan-an ló wà níbẹ̀. Ó rí àwọn mìíràn tí àwọn tó ń tẹ ìwé ìdájọ́ ń tọ́jú, tí èèyàn gbọ́dọ̀ sanwó kó tó wọlé. Ó tún rí ọ̀pọ̀ tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè kọ ohun tó wù ú síbẹ̀, tí ẹlòmíràn á dà á kọ, tí ẹlòmíràn á tún dà á kọ láti ibẹ̀, tí kò sí ẹni tó máa béèrè pé ibo ló ti ṣẹ̀ wá. Àwọn yìí ló lẹ́wà jù. Ó kọ gbogbo wọn sínú ìwé kan, ó fi bírò pupa sàmì sí èyí tí kò ṣeé gbára lé. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà tí Ọlátúndé fi ní kò sí ìdí tí àwọn fi ń sanwó ìkànnì ìdájọ́ kankan.

Ohun tó wá tú wọn ká ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2024, lórí ẹjọ́ ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Gángan.

Jíbrílù ló ni ẹjọ́ náà. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, òun sì ni àgbà ní agboolé tó wà ní ojúlé kejì sí ilé Afusat. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan ti ta ìdajì ẹ̀yìn ilé ẹbí wọn fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, wọn ò sọ fún òun àti àwọn ará ìdí tiwọn. Ó fẹ́ kí kóòtù da títà náà nù. Ọlátúndé ló gbé ẹjọ́ náà fún, nítorí Afusat nìkan. Jíbrílù ti sọ ọ́ fún gbogbo ilé pé ibi tí Ìyá Zayd ti ń ṣiṣẹ́, wọn ò ní rẹ́ àwọn jẹ níbẹ̀. Ìyá Zayd ni gbogbo àdúgbò ń pe Afusat, nítorí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń gbé ní Kánò.

Nígbà tó kù ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n fi ìwé àlàyé ẹjọ́ sílẹ̀ ní kóòtù, Ọlátúndé kò tíì kọ ọ̀rọ̀ kan. Ó pe Fìyìnfólúwa, lọ́yà kékeré tó ń bá a ṣiṣẹ́, ọmọbìnrin Ẹ̀gbá kan tí kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kó lo ẹ̀rọ kan tó wà lórí fóònù, èyí tó máa ń dáhùn ìbéèrè bí ẹni pé èèyàn ló ń sọ̀rọ̀, kó fi wá àwọn ìdájọ́ àtijọ́ tó bá ẹjọ́ Jíbrílù mu. Kó tó di ọ̀sán, Fìyìnfólúwa ti rí méje. Ọlátúndé tò wọ́n sínú ìwé náà bí wọ́n ṣe wà, ó ní kí wọ́n gbé e fún Afusat kó dì í ní ẹ̀dà mẹ́rin.

Afusat kì í di ìwé láìkà á. Ó kà á dé ìdájọ́ kejì, ó dúró. Wọ́n ní Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó wà l'Ékòó ló dá a ní ọdún 1971, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ dájú pé ọdún 1976 ni ìjọba dá kóòtù yẹn sílẹ̀. Ó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó wá orúkọ àwọn tó ṣẹjọ́ náà ní ìkànnì kóòtù, kò sí. Ó wá a níbi mìíràn tó gbà gbọ́, kò sí níbẹ̀ náà. Ibì kan ṣoṣo tó ti rí orúkọ tó jọ ọ́ ni ojú ìwé ẹnì kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ títà, kò sì sí nọ́ńbà ẹjọ́ tàbí orúkọ adájọ́ níbẹ̀. Ó bọ́ sí ìdájọ́ kẹrin. Ìwé tí wọ́n tọ́ka sí wà lóòótọ́, ojú ewé náà sì wà, àmọ́ ẹjọ́ tó wà lójú ewé yẹn jẹ́ ti ìrẹsì tó bàjẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Nínú ìkẹfà, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ tí wọ́n kọ orúkọ wọn ti fẹ̀yìn tì ní ọdún mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n ní ó dá ẹjọ́ náà. Mẹ́rin ló dúró dáadáa nínú méje. Mẹ́ta yòókù, ẹ̀rọ náà ló hùmọ̀ wọn fúnra rẹ̀.

Ó kọ gbogbo rẹ̀ sójú ewé kan, ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan, ó gbé e wọlé tọ Ọlátúndé lọ. Ọlátúndé wò ó díẹ̀, ó tì í sápá kan. Fìyìnfólúwa wà níbẹ̀.

“Àǹtí Afusat,” ni Ọlátúndé wí, “lọ́yà mélòó ló wà ní ọ́fíìsì yìí?”

Afusat ní méjì ni.

“Ṣé ẹ wà lára wọn?”

Ọlátúndé gbé ìwé tí Afusat kọ fún Fìyìnfólúwa pé kó bá òun gbà á dání, ó ní kí Afusat lọ di ohun tí wọ́n ní kó dì, pé ọjọ́ ti lọ. Níta, Afusat ní kí Fìyìnfólúwa fọwọ́ sí ẹ̀dà ìwé náà pé òun ti gbà á, kó sì kọ ọjọ́ sí i. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ayé bàbá. Ọmọbìnrin náà fọwọ́ sí i, kò wo ojú rẹ̀.

Afusat di àwọn ìwé náà. Ó dì wọ́n dáadáa, ó tilẹ̀ gé etí wọn kí wọ́n lè gún régé. Bó ṣe ń dì wọ́n ló ń fojú inú rí Ọlátúndé níwájú adájọ́, tí ẹnu rẹ̀ wọhò, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ti ń retí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wọ́ ìwé lórí àtẹ̀gùn. Ó rántí Jíbrílù lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé ìrònú náà tì.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló wà láàárín ọjọ́ yẹn sí ọjọ́ tí wọ́n lọ sí kóòtù. Ojoojúmọ́ ni Afusat ń bá Jíbrílù pàdé lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ó ń kí i, Jíbrílù ń béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ó ń dáhùn pé a dúpẹ́.

Adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà jẹ́ obìnrin kan tí kì í gbóhùn sókè. Lọ́yà tó dúró fún àwọn tó ta ilé, obìnrin ará Ìjẹ̀bú kan tó ń jẹ́ Adéníkẹ́, tó ní ọ́fíìsì tirẹ̀ ní Olówógbowó, ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní òun ti wá mẹ́ta nínú àwọn ìdájọ́ tí Ọlátúndé tọ́ka sí, òun ò rí wọn, kí ó jọ̀wọ́ fún kóòtù ní ẹ̀dà wọn. Ọlátúndé ní òun á fi ránṣẹ́. Adájọ́ ní òun náà ti wá wọn, òun ò rí wọn, níbo ló ti rí wọn? Ọlátúndé yíjú sẹ́yìn. Afusat ló jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú fáìlì lórí ẹsẹ̀.

“Olúwa mi,” ni Ọlátúndé wí, “ẹni tó ń tọ́jú ìwé ní ọ́fíìsì wa ló bá mi wá wọn. Òun ló jókòó sẹ́yìn yẹn. Mo gbẹ́kẹ̀ lé e ni.”

Gbogbo kóòtù yíjú wò ó. Jíbrílù náà yíjú. Adájọ́ ní kí ẹni tó bá wá àwọn ìdájọ́ náà búra sínú ìwé láàárín ọjọ́ méje, kó sọ bó ṣe rí wọn, kí Ọlátúndé sì wá sọ ìdí tí òun kò fi ní fìyà jẹ ẹ́.

Ìwé ìbúra náà ti wà lórí tábìlì Afusat nígbà tó dé ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé òun, Afusat, ló wá àwọn ìdájọ́ náà lórí ayélujára, pé òun ṣì wọ́n kọ, àti pé ọ̀gá òun kò mọ̀. Ààyè tó máa fọwọ́ sí nìkan ló ṣófo. Ọlátúndé dúró tì í.

“Wọn ò lè gba ìwé àṣẹ lọ́yà lọ́wọ́ yín, torí ẹ ò ní in,” ni ó wí. “Èmi ni wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ mi. Kí ló máa ṣe yín bí ẹ bá fọwọ́ sí i?”

Afusat ní wọ́n lè ti òun mọ́lé pé òun búra èké.

“Ta ló máa sọ fún wọn?”

Afusat wo Fìyìnfólúwa. Ọmọbìnrin náà dojú kọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń tẹ nǹkan. Ọlátúndé wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíkan. Ó ní àánú ni bàbá òun fi gbà á síṣẹ́, òun náà fi àánú fi í sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí kò sí ìwé kankan tó ń tọ́jú mọ́, pé bí kò bá fọwọ́ sí i, kó má padà wá.

Láti ọjọ́ tí Ọlátúndé ti di ọ̀gá, “ẹ” ni Afusat fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn ló fi í sílẹ̀. “Bàbá ẹ kì í fọwọ́ sí ohun tí wọn ò bá kà,” ni ó wí. “Ìwọ lo fọwọ́ sí i. Dúró tì í.”

Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde.

Ọlátúndé kò jẹ́ kó délé kó tó pe Jíbrílù lórí fóònù. Nígbà tí Afusat dé Ìsàlẹ̀ Gángan, ó bá Jíbrílù àti Hàwáwù ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, àwọn ará agboolé mẹ́rin sì tò sẹ́yìn wọn. Hàwáwù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ti gbọ́ pé àwọn tó ta ilé ti fún un ní nǹkan, pé kó sọ iye tí wọ́n fún un. Afusat ṣàlàyé. Ó sọ bí wọ́n ṣe fi fóònù wá àwọn ìdájọ́ náà, ó sọ pé òun kọ ìwé fún Ọlátúndé pé irọ́ ni wọ́n, ó sì mú ẹ̀dà ìwé náà jáde nínú báàgì. Ọ̀kan nínú àwọn ará ilé náà gbà á, ó kà á sókè fún Jíbrílù, ó ka ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀ náà.

Jíbrílù yíjú sí Afusat nígbà tí wọ́n kà á tán.

“Ìgbà wo lo mọ̀?” ni ó bi í.

“Kí wọ́n tó gbé e lọ sí kóòtù.”

“Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún lo fi ń kí mi láàárọ̀,” ni Jíbrílù wí, “tó o sì mọ̀.”

Hàwáwù tutọ́ sílẹ̀ síwájú ìlẹ̀kùn Afusat, gbogbo wọn sì padà lọ. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò ta omi fún un mọ́ ní ilé tó ti ń fa omi, wọn ò sì dáhùn ìkíni rẹ̀ mọ́ ní agboolé náà.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó sínú yàrá. Ọjọ́ kẹrin, ó lọ sí kóòtù, ó kọ ìwé ìbúra tirẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé tó ń gba ìbúra. Ó so ẹ̀dà ìwé tí Fìyìnfólúwa fọwọ́ sí mọ́ ọn. Ó fẹ́ ba Ọlátúndé jẹ́, kò sì tan ara rẹ̀ pé nǹkan mìíràn lòun ń ṣe. Àmọ́ nígbà tó dé ibi tó yẹ kó kọ pé òun mọ̀, tí òun sì dì í, ó dá ọwọ́ dúró. Ó rí i pé bí òun bá fò ó, ìwé òun náà ti di irú èyí tí òun ń fi bírò pupa sàmì sí. Ó kọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n padà sí kóòtù, Ọlátúndé náà ti fi ìwé ìbúra tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì di gbogbo ẹ̀bi náà ru Afusat. Adájọ́ ka méjèèjì sókè, èyí tẹ̀ lé èyí. Ó ní kí Fìyìnfólúwa dìde, ó bi í bóyá òun ló fọwọ́ sí ìwé tó wà lọ́wọ́ òun. Ó ní òun ni. Adájọ́ bi í pé ta ló wá àwọn ìdájọ́ náà.

Fìyìnfólúwa wo Ọlátúndé. Ọlátúndé ń wo ilẹ̀.

“Èmi ni, Olúwa mi,” ni ó wí. “Ọ̀gá mi ló ní kí n fi fóònù wá wọn. Mo sọ pé ká yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ní kò sí àyè.”

Adájọ́ da ìwé àlàyé ẹjọ́ náà nù látòkè délẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi orúkọ Ọlátúndé ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn lọ́yà wí. Ó fún Jíbrílù ní àyè láti wá lọ́yà mìíràn, ó ní ìyà ohun tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Àwọn èèyàn ti ń kó ìwé wọn jọ nígbà tó pe Afusat.

“Ẹ̀yin náà,” ni ó wí. “Ẹ mọ̀, ẹ dì í, ẹ sì bá wọn gbé e wá síwájú mi. Ẹ má rò pé mo ń yìn yín.”

Lórí àtẹ̀gùn kóòtù, Adéníkẹ́ bá a, ó fún un ní káàdì, ó ní irú ojú tó ń rí irọ́ inú ìwé bẹ́ẹ̀ lòun ń wá ní ọ́fíìsì òun, kó wá rí òun ní Olówógbowó. Jíbrílù dúró nítòsí ibẹ̀, ó ń wò wọ́n. Afusat mọ̀ pé bí òun bá fi lè gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ lọ́yà àwọn tó ta ilé, ohun tí Hàwáwù sọ ti di òótọ́ nìyẹn. Ó dá káàdì náà padà. Kò fi ohùn rere dá a padà, Adéníkẹ́ náà kò fi ohùn rere gbà á.

Oṣù márùn-ún ló fi wà nílé. Ìgbìmọ̀ náà ti ní kí Ọlátúndé má ṣiṣẹ́ lọ́yà fún ọdún kan, wọ́n sì ti ti ọ́fíìsì pa. Fìyìnfólúwa pe Afusat lẹ́ẹ̀mẹ́rin lórí fóònù, kò gbé e. Lẹ́yìn náà ni lọ́yà kan tó ti gbọ́ ìròyìn ẹjọ́ náà fi ìwé ránṣẹ́ sí i pé kó bá òun yẹ àwọn ìdájọ́ inú rẹ̀ wò. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Afusat ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan, ó gbé e sínú yàrá iwájú, ó sì fi òfin kan lélẹ̀: lọ́yà tó bá gbé ìwé wá gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó ni ẹjọ́ sí i, pé bí òun bá rí irọ́ níbẹ̀, òun máa pe ẹni náà. Ọ̀pọ̀ lọ́yà gba ìwé wọn padà nítorí èyí. Ọ̀kan bú u lórí fóònù pé ta ló fi í ṣe adájọ́. Kò yí òfin náà padà.

Ó ti lé lọ́dún kan lẹ́yìn ọjọ́ kóòtù nígbà tí Jíbrílù dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú àpò ìwé lábẹ́ apá. Kò bọ́ bàtà, kò sì wọlé.

“Mi ò wá kí ọ,” ni ó wí. “Lọ́yà mi tuntun ló kọ èyí. Wò ó.”

Afusat gbà á. Ó gbé àga síta fún un, Jíbrílù jókòó, ó kẹ̀yìn sí ìlẹ̀kùn. Ó gbé omi fún un, kò mu ún. Ìdájọ́ mẹ́wàá ló wà nínú ìwé náà. Ó wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ, nọ́ńbà, kóòtù, ọjọ́ àti adájọ́, ó sì lé ní wákàtí méjì kó tó parí. Mẹ́sàn-án dúró. Ìkẹwàá wà lóòótọ́, àmọ́ ojú ewé tí wọ́n kọ fún un kì í ṣe tirẹ̀. Ó rí i ní ìkànnì kóòtù fúnra rẹ̀, ó tẹ ojú ewé tó tọ́ jáde, ó gbé e síta.

Jíbrílù bi í bóyá irọ́ ni. Ó ní rárá, àṣìkọ ni. Jíbrílù mú fóònù rẹ̀, ó pe lọ́yà náà, ó gbé fóònù sí ẹnu Afusat, kò fi í lé e lọ́wọ́.

“Sọ ọ́ fún un,” ni ó wí, “kí n máa gbọ́.”

Afusat sọ ọ́. Lọ́yà náà ní kó tún nọ́ńbà ojú ewé náà pè, ó sì tún un pè lẹ́ẹ̀mejì. Jíbrílù pa fóònù, ó ká ìwé tí wọ́n tẹ̀ náà, ó fi í sínú àpò, ó dìde. Ó lọ láì dúpẹ́, Afusat kò sì retí pé kó dúpẹ́. Ó gbé àga wọlé. Ẹjọ́ ilé náà ṣì wà ní kóòtù, wọ́n ti sún un sí oṣù kọkànlá.